Bí àwọn ìdílé ní ilẹ̀ mìíràn ṣe ń ṣe Kérésìmesì, àti èyí tí a lè ṣe nílé wa ní Àbújá

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin ará wa ní Àbújá àti ní òkè Ọya lápapọ̀. Ní ọdún yìí, ìdílé wa kò ní lè lọ sí Òṣogbo fún Kérésìmesì, nítorí pé owó ọkọ̀ láti Zuba àti Jabi máa ń lé sí i lójoojúmọ́ bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀nà Lọ́kọ́ja náà a sì máa kún fún ọkọ̀. Àwọn ìdílé mìíràn bíi mélòó kan ní àdúgbò wa ti pinnu láti dúró bákan náà. Àwa ìyá ti wá sọ ọ́ láàárín ara wa pé a kò fẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láti àárọ̀ di alẹ́. Ohun tí a ní lọ́kàn ni pé kí a lo àsìkò náà láti fi bí àwọn ìdílé Kristẹni ní orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe ń ṣe ọdún yìí hàn wọ́n.

Àbúrò mi kan wà ní London, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì wà ní Jámánì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa kò ju fọ́tò igi tí wọ́n fi iná ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí ìdílé ń ṣe gan-an nínú ilé: àwọn wo ni wọ́n jọ ń jókòó síbi oúnjẹ, kí ni wọ́n ń jẹ, kí ni iṣẹ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, àti èwo nínú rẹ̀ ni a lè ṣe pẹ̀lú ohun tí a lè rà ní ọjà Wuse tàbí ní ọjà Kubwa láìná ìnákúnàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá ti gbé òkè òkun rí, tàbí tí ó ní aládùúgbò láti ilẹ̀ mìíràn, kí ó là wá lọ́yẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà, Gwagwalada

Ẹ kú ètò o, Ìyá Ìbejì. Kí ẹ tó ronú kan oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ gbé kàlẹ́ńdà síwájú àwọn ọmọ, nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo ayé ń ṣe é. Ní Jámánì, Pólándì, Sweden, Norway àti Denmark, alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni ojú ọdún gan-an. Alẹ́ yẹn ni ìdílé ń péjọ síbi oúnjẹ, tí àwọn ọmọ sì ń gba ẹ̀bùn. Nígbà tí àwọn ọmọ tiwa bá ń wọ aṣọ tuntun ní àárọ̀ ọjọ́ 25 láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Jámánì ti tú ẹ̀bùn tirẹ̀ láti àná. Ní Spéìn, ẹ̀bùn tí àwọn ọmọdé ń fojú sọ́nà fún jù lọ ń dúró di ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní, tí í ṣe ọjọ́ àwọn Amòye tó wá láti Ìlà-Oòrùn. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń to bàtà wọn sílẹ̀ kí àwọn Amòye lè fi ẹ̀bùn síbẹ̀. Ìjọ Aménìà sì ń ṣe ìrántí ìbí Jésù àti ìrìbọmi rẹ̀ pọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní yẹn kan náà.

Ní Etiópíà, ní Rọ́ṣíà, ní Serbia, àti láàárín àwọn Kristẹni Kọ́bítíìkì ní Íjíbítì, ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ni. Ìdí rẹ̀ kò le láti yé ọmọdé. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí a fi orúkọ Julius Caesar pè ni Ìjọ Rọ́ṣíà àti ti Serbia ṣì ń lò fún ọdún ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì ti fi ọjọ́ 13 rẹ̀yìn sí tiwa. Ìgbà tí òun bá fi máa pé ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, tiwa ti di ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní. Etiópíà àti Íjíbítì ní kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, ṣùgbọ́n òun náà bá ti àtijọ́ yẹn rìn. Ọjọ́ 7 yìí ni Yukréìn náà ń lò gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi títí di ọdún 2023, kí wọ́n tó fi òfin gbé e wá sí ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sọ pé àwọn ará ibẹ̀ pẹ́ ṣe ọdún. Ọjọ́ 25 ni wọ́n kà á sí, nínú kàlẹ́ńdà tiwọn.

Àǹfààní rẹ̀ fún yín ni pé ẹ kò ní láti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ lè ṣe ti Pólándì tàbí Jámánì ní alẹ́ ọjọ́ 24, kí ẹ ṣe tiwa ní ọjọ́ 25, kí ẹ sì fi ti Etiópíà sí ọjọ́ 7 bí ilé-ìwé kò bá tíì wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ bá àwọn mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí wọ́n sì rí ara wọn, ẹ rántí pé ní oṣù Kejìlá, aago Àbújá àti ti Jámánì dọ́gba, London fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí wa, Addis Ababa sì fi wákàtí méjì ṣáájú wa.

Ẹnjiníà, Wuye

Mo kàwé ní Warsaw, ìdílé ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ sì máa ń pè mí wá sílé ní alẹ́ ọjọ́ 24, èyí tí wọ́n ń pè ní Wigilia. Nínú gbogbo ohun tí mo rí ní òkè òkun, òun ni mo rò pé ó yẹ jù lọ kí ọmọ Yorùbá mọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ń jẹ àjẹyó. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ máa ṣú, wọ́n á rán ọmọ tó kéré jù lọ sí ojú fèrèsé kí ó máa wo ojú ọ̀run. Àfi ìgbà tí ó bá rí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ni ẹnikẹ́ni tó lè jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n á ti tẹ́ koríko gbígbẹ díẹ̀ sábẹ́ aṣọ funfun orí tábìlì náà, ní ìrántí ibùjẹ ẹran tí a tẹ́ Jésù sí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ, wọ́n á mú àkàrà pẹlẹbẹ kan jáde tí wọ́n ń pè ní opłatek. Ó funfun, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, wọ́n sì tẹ àwòrán ìbí Jésù sí ara rẹ̀. Olúkúlùkù á mú tirẹ̀ lọ́wọ́, á lọ bá ẹnì kejì, á ní kí ó bu díẹ̀ lára tòun, òun náà á sì bu díẹ̀ lára tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wúre fún ara wọn lójúkojú, wọn á dárúkọ ohun tí ẹni náà ń fẹ́ gan-an: ìlera, iṣẹ́, ọmọ, àṣeyọrí nínú ìdánwò. Wọn kì í fo ẹnì kankan. Ọmọdé ń ṣe é fún bàbá àgbà, ìyàwó ń ṣe é fún ìyá ọkọ, bí ẹni méjì bá sì ń bínú síra wọn, kò sí ibi tí wọ́n máa gbà yẹra fún ara wọn ní alẹ́ yẹn. Mo rí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n dúró síwájú ara wọn pẹ̀lú àkàrà yẹn lọ́wọ́, tí ọ̀rọ̀ kò tètè jáde lẹ́nu wọn, tí ìyá wọn sì dúró jẹ́ẹ́ títí ẹ̀gbọ́n fi kọ́kọ́ na ọwọ́.

Oríṣi oúnjẹ 12 ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, wọ́n ní ó jẹ́ ìrántí àwọn Àpọ́sítélì 12, kò sì sí ẹran nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ pupa tí wọ́n fi bíìtì sè wà níbẹ̀, ẹja odò tí wọ́n ń pè ní carp wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olú, kábéèjì, àti èso gbígbẹ tí wọ́n sè lómi. Ní ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì, wọ́n á gbé àga kan àti àwo kan sílẹ̀ tí kò sí ẹni tó ni ín. Ti àlejò tí a kò retí ni. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn ní alẹ́ yẹn, ààyè rẹ̀ ti wà nílẹ̀, kò sí pé à ń wá ṣíbí kiri.

Ní Kubwa, ẹ kò nílò ohun olówó iyebíye láti ṣe é. Bísíkíìtì pẹlẹbẹ tí kò ní ṣúgà lè dípò opłatek, koríko gbígbẹ kò sì wọ́n lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yìí. Bí ọyẹ́ bá mú tí ìràwọ̀ kò fara hàn, ẹ fi aago méje alẹ́ ṣe àdéhùn pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ní ti àga tó ṣófo, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ṣófo rárá: mẹ́gáàdì ẹnu géètì yín wà níbẹ̀ tí kò lè lọ sí ìlú rẹ̀, àwọn agùnbánirọ̀ wà ní Kubwa yín tí wọ́n jìnnà sílé. Ẹ ti pè wọ́n kí ọjọ́ tó pé.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ̀gbọ́n wa ní Wuye, ẹ kú aájò gidigidi. Ti àkàrà tí wọ́n ń bù lọ́wọ́ ara wọn yẹn wọ̀ mí lọ́kàn, mo sì ti mọ àwọn tí mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ dúró síwájú ara wọn nínú ilé tèmi. Ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé àwọn ọmọ wa yóò gba Kérésìmesì tí kò ní adìyẹ?

Ẹnjiníà, Wuye

Alẹ́ ọjọ́ 24 nìkan ni wọn kì í fi ẹran kan ẹnu, Ìyá Ìbejì. Ní ọjọ́ 25, ẹran a máa wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ẹja àrọ̀ rọ́pò carp, ó pọ̀ ní Àbújá, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbé oríṣi méjì wá: mọ́ínmọ́ín, dòdò, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí a kò fi omi ẹran sè, ẹ̀fọ́ rírò ẹlẹ́ja, èkuru, iṣu díndín. Bí ìdílé mẹ́fà bá péjọ, 12 ti pé nìyẹn. Ẹ wá jẹ́ kí àwọn ọmọ kà á fúnra wọn, kí wọ́n sì máa dárúkọ àwọn Àpọ́sítélì bí wọ́n ṣe ń gbé àwo kalẹ̀.

Alàgbà, Sabon Gari, Kano

Mo kí gbogbo yín. Inú mi dùn pé ẹ ń ro ti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ń bẹ lọ́kàn mi gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí sí Àbújá kò mọ bí àwa fúnra wa ṣe ń ṣe Kérésìmesì ní òkè Ọya yìí. Ní Sabon Gari, nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá wa á bu oúnjẹ sínú àwo, á fi aṣọ bò ó, á sì rán ọmọ lọ sí ilé àwọn Mùsùlùmí tó yí wa ká, Hausa àti Yorùbá. Bí Iléyá bá dé, ẹran àgbò á gba ọ̀nà kan náà padà wá bá wa. Nínú ìdílé tèmi, àbúrò bàbá mi tó ti lọ sí Mẹ́kà ni ó máa ń jókòó sí ipò ọlá ní ọjọ́ Kérésìmesì, á ṣàdúrà gígùn fún wa, gbogbo wa á sì ṣe àmín. Lẹ́yìn ìsìn, àwa ọmọdé á máa lọ láti ilé dé ilé kí àwọn àgbà, a ó dọ̀bálẹ̀, a ó kúnlẹ̀, wọn á sì fún wa lówó ọdún. Kí ẹ tó mú àwọn ọmọ lọ sí Pólándì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àwo lọ sí ilé Màálàm kejì yín.

Ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ ìyá kì í rántí ni pé bí ẹ bá fẹ́ kí aládùúgbò Mùsùlùmí jẹ adìyẹ yín pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí Mùsùlùmí bá yín pa á, kí ẹ sì sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe é. Ẹ má sì fi ọtí sínú ohunkóhun tí ẹ máa gbé lọ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì, Jos

Bàbá, òótọ́ gidi ni ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí àwọn ọmọ mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan ni à ń lọ kí àgbà lọ́jọ́ ọdún. Mo ti bá àwọn nọ́ọ̀sì ará Filipínì ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, ohun tí wọ́n sọ fún mi sì ni pé ní ọjọ́ Kérésìmesì, àwọn ọmọ wọn ń lọ sí ilé àwọn tó gbà wọ́n tọ́ níbi ìrìbọmi. Ọmọ á tẹrí ba, á mú ọwọ́ àgbà náà, á sì gbé e kan iwájú orí ara rẹ̀ láti gba ìbùkún, àgbà á wá fún un ní owó tàbí ẹ̀bùn. Bí ẹ bá fi èyí han ọmọ Yorùbá tó ń lọ́ra láti kúnlẹ̀, yóò mọ̀ pé ọmọ tí ó wà ní Manila náà ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Láti oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti ń kọrin Kérésìmesì ní ilẹ̀ náà. Láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, wọ́n ń jí lọ sí Máàsì kí ilẹ̀ tó mọ́, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án léra. Àṣà tí wọ́n fi lélẹ̀ kí àwọn àgbẹ̀ lè jọ́sìn kí wọ́n tó gba oko lọ ni. Bí wọ́n bá ti jáde, oúnjẹ gbígbóná ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí wọ́n ń pè ní bibingka, ìyẹ̀fun ìrẹsì àti àgbọn ni wọ́n fi ń ṣe é, lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yinná lábẹ́ àti lókè. Ẹni tó bá mọ wáínà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, ṣe ní òkè Ọya yìí kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Èyí tí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni àtùpà ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní parol. Wọ́n ń gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á dè é ní ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún, méjì tí ó dọ́gba. Wọ́n á so méjèèjì pọ̀ ní orígun márààrún, wọ́n á fi igi kéékèèké ya àárín wọn sọ́tọ̀ kí ó lè ní inú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi bébà aláràbarà tí ìmọ́lẹ̀ lè là kọjá bò ó. Ìlú San Fernando ní ìpínlẹ̀ Pampanga lókìkí fún àwọn tó tóbi gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àbẹ́là sínú tiyín. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Iná kékeré oníbátìrì ni kí ẹ lò. Àwọn ọmọ tí iná jó lásìkò ọdún tí mo ti tọ́jú kò kéré, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí bángà pẹ̀lú má ṣe sí níbẹ̀ rárá.

Ìyá Alásè, Karu

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Jàmáíkà, nítorí pé ohun mímu Kérésìmesì wọn ń bẹ ní gbogbo ọjà wa. Wọ́n ń pè é ní sorrel, òdòdó pupa tí àwa ń pè ní sóbò, tí àwọn ìyá wa sì ń pè ní ìṣápá, náà sì ni. Ní Jàmáíkà, ilé tí kò bá sí sorrel lọ́jọ́ ọdún, ọdún kò tíì dé ilé náà, gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe rí pẹ̀lú ìrẹsì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é yàtọ̀ díẹ̀ sí bí a ṣe ń se sóbò fún títà. Ẹ mú ife òdòdó gbígbẹ méjì, ẹ ṣà á, ẹ fi omi tútù ṣàn án kíákíá kí iyanrìn kúrò. Ẹ gún atalẹ̀ tútù tó tóbi dáadáa, ẹ fi kànáfùrù díẹ̀ àti èèpo ọsàn sí i. Ẹ da omi híhó ife mẹ́jọ lé gbogbo rẹ̀ lórí, ẹ dé e, kí ẹ má sì ṣe gbé e padà sórí iná. Rírẹ ni wọ́n ń rẹ ẹ́ mọ́jú, wọn kì í sè é títí, ìdí sì nìyẹn tí òórùn atalẹ̀ fi ń dúró nínú rẹ̀. Ní àárọ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ṣúgà sí i níwọ̀nba. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń fi ọtí rọ́ọ̀mù sí tiwọn, ṣùgbọ́n Alàgbà ti sọ̀rọ̀, ẹ fi ti àwọn ọmọ àti ti aládùúgbò sílẹ̀ láìní ọtí.

Kéèkì dúdú tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ń gba àsìkò, nítorí pé èso àjàrà gbígbẹ ni wọ́n ń rẹ sínú wáìnì àti rọ́ọ̀mù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi èyí sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀.

Àbúrò London, Lugbe

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá mi. Mo wá sílé fún ọdún, mo sì rí i pé kò tíì sí ẹni tó sọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu jù ní London ni pé bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 25. Títì á dá páropáro, ẹni tí kò bá ní mọ́tò sì gbọ́dọ̀ ti dé ibi tó ń lọ láti ọjọ́ 24. Nítorí náà, inú ilé ni gbogbo ọdún wà: tòlótòló tàbí adìyẹ yíyan, ànàmọ́ òyìnbó, ewébẹ̀, àti pudding dúdú tí wọ́n fi èso gbígbẹ ṣe. Ní ilé àwọn ọmọ Nàìjíríà, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tòlótòló náà, kò sì sí ẹni tó ń béèrè èwo ló kọ́kọ́ tán. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tí í ṣe aago mẹ́rin ní Àbújá, ọba ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ọba George Karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí rédíò ní ọdún 1932. Igi ńlá tí ẹ ń rí nínú fọ́tò Trafalgar Square, láti Norway ni ó ti ń wá lọ́dọọdún láti ọdún 1947, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìrànlọ́wọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Fún àwọn ọmọ, ẹ lè ṣe cracker: ẹ fi bébà aláràbarà wé páálí inú tíṣù, ẹ fi adé bébà àti àlọ́ àpamọ̀ kan sínú rẹ̀, ẹ so ó lápá méjèèjì, kí ọmọ méjì sì fà á títí yóò fi ya. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ti Jèpáànì, ẹ sọ fún wọn pé àwọn Kristẹni kò pọ̀ níbẹ̀, ọjọ́ 25 kì í sì í ṣe ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí KFC, ilé iṣẹ́ tó ń ta adìyẹ díndín, ti polówó rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà ní ọdún 1974 ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti sọ adìyẹ díndín di oúnjẹ Kérésìmesì wọn, pẹ̀lú kéèkì funfun tí wọ́n to èso sitirọ́bẹ́rì lé lórí.

Kátíkíìsì, Zuba

Ìyá Ìbejì, bí ó bá jẹ́ àṣà kan ṣoṣo ni ẹ máa mú, ti Mẹ́síkò ni kí ẹ mú, nítorí pé ó bá àdúgbò tí àwọn ìdílé ti ń gbé pọ̀ mu ju gbogbo ìyókù lọ. Wọ́n ń pè é ní Las Posadas. Láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, àwọn aládùúgbò ń kó ara wọn jọ lálaalẹ́. Ọmọ méjì á ṣe Màríà àti Jósẹ́fù, àwọn yòókù á tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, wọn á sì máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Orin ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ibùsùn. Orin náà ni àwọn tó wà nínú ilé fi ń dá wọn lóhùn pé kò sí ààyè, pé kí wọ́n máa lọ. Wọ́n á lé wọn títí wọn yóò fi dé ilé tí yóò ṣílẹ̀kùn, níbẹ̀ ni gbogbo èrò á ti wọlé, oúnjẹ á sì bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú ewé àgbàdo tí wọ́n sì fi ooru sè kì í wọ́n níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń so ìkòkò tí wọ́n fi bébà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní ìràwọ̀ ẹlẹ́nu méje kọ́. Wọ́n á fi aṣọ bo ojú ọmọ, á máa fi igi lù ú títí yóò fi fọ́, tí èso àti súìtì á sì dà sílẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n bá ti lé lẹ́nu ilẹ̀kùn mẹ́ta yóò gbọ́ ìtumọ̀ ‘kò sí àyè fún wọn nínú ilé èrò’ ju èyí tí mo lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣàlàyé fún un ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Orin tiwa náà rọrùn fún un: ẹni ìta á lé, ti inú ilé á gbè é. Ẹ jẹ́ kí ilé mẹ́ta lé wọn, kí ẹ̀kẹrin gbà wọ́n. Mo wò ó pé ó dára kí ilé tí yóò ṣílẹ̀kùn jẹ́ ilé ìdílé tó kéré jù tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ́sítéètì tẹ́lẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí ẹ lè parí kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde kọjá géètì.

Àǹtí Jabi

Mo ní aládùúgbò kan tó jẹ́ ará Etiópíà, ó sì pè wá sílé ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ni pé ààwẹ̀ ló ṣáájú àsè náà. Fún ọjọ́ tó ju ogójì lọ, àwọn tó ń gbààwẹ̀ kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹyin, kì í sì í mu wàrà. Wọ́n ń wọ aṣọ funfun òwú lọ sí ìsìn òru, ìgbà tí wọ́n bá sì padà ni adìyẹ tó ń jẹ́ doro wat ń bọ́ sórí àtẹ. Àlùbọ́sà púpọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sè lórí iná jẹ́jẹ́ láìfi òróró sí i, títí yóò fi yọ́ tí yóò sì pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ata gbígbẹ wọn á wọlé, tí adìyẹ àti odidi ẹyin bíbọ̀ á sì tẹ̀ lé e. Orí injera, àkàrà pẹlẹbẹ wọn, ni wọ́n ń dà á sí, tí gbogbo ìdílé á sì fi ọwọ́ jẹ ẹ́ láti inú àtẹ kan náà. Ìyá ilé á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé òkèlè, á sì fi í sí àlejò lẹ́nu, kò sì sí àlejò tó gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Injera kò rọrùn láti rí ní Àbújá, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ìyẹ̀fun rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n jẹ́ kí ó kan kí wọ́n tó dín in, wáínà tó kan díẹ̀ á bá ọbẹ̀ náà lọ.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti bá àwọn ìyá yòókù jókòó, ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 23, àwọn ọmọ á kan ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí Kátíkíìsì ti là á sílẹ̀, pẹ̀lú àtùpà ìràwọ̀ oníbátìrì tí wọn yóò ti ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ìdílé Tiv tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ti gbà láti ṣílẹ̀kùn. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, a ó jẹ oúnjẹ oríṣi 12, àga kan yóò sì jẹ́ ti mẹ́gáàdì wa, ẹni tí ó ti ní òun yóò wá lẹ́yìn tí òun bá kírun Íṣáì. Ní ọjọ́ 25, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ọmọ á kọ́kọ́ gbé àwo lọ sí ilé Màálàm àti ilé Alájà kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jẹun, Màálàm fúnra rẹ̀ ló sì ní òun yóò bá wa pa àwọn adìyẹ náà. Ti Etiópíà di ọjọ́ 7. Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá Alásè, ó tó ènìyàn 40 tí yóò mu sóbò yẹn ní alẹ́ ọjọ́ 24. Báwo ni kí n ṣe wọ̀n ọ́n?

Ìyá Alásè, Karu

Ife òdòdó mẹ́wàá sí ife omi ogójì yóò tó yín, bí ẹ bá ń fi ife kan náà wọ̀n ọ́n. Ẹ rẹ ẹ́ sínú ìkòkò irin tí kì í dógùn-ún tàbí ike tó lè gba omi gbígbóná, kì í ṣe álúmíníọ́ọ̀mù, nítorí pé ó kan. Kí ó wà nínú omi láti alẹ́ ọjọ́ 23, kí ẹ sẹ́ ẹ ní àárọ̀ ọjọ́ 24, kí ẹ sì ti ra omi dídì sílẹ̀ ní ọ̀sán, torí pé bí iná bá lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, owó gọbọi ni àwọn tó ń tà á máa ń pè.